Làálì Lẹ́sẹ̀ Àwẹ̀ró

Àwọn tó máa ń sọ ìtàn ayé wọn fún wa lójú ìwé yìí sábà máa ń bẹ̀ wá pé ká yí orúkọ àwọn padà. Bùkárì kò bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ orúkọ mi bó ṣe rí. Ẹ kọ ti ẹṣin náà pẹ̀lú. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fi ẹnu sọ ọ́ láti ilé dé ilé."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Bùkárì. Àgbẹ̀ ni, lábúlé kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Kulthum, tó ń ránṣọ, ni wọ́n jọ ń gbé, pẹ̀lú ẹṣin wọn.

Abo ẹṣin ni. Ó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà wọn, àmọ́ láti orúnkún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì títí dé pátákò, funfun báláú ni. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Bí Kulthum bá ti wẹ ẹsẹ̀ funfun wọ̀nyẹn láàárọ̀, ńṣe ni ẹṣin náà máa ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ kí eruku kan bàtà òun.

Ọwọ́ Bàbá Ndako, arúgbó Núpé kan ní Ṣàárẹ́ tó ti ń sin ẹṣin látìgbà èwe rẹ̀, ni Bùkárì ti gbà á lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Kulthum wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ dàgbà.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Ní abúlé yẹn, bí wọ́n bá wé láwàní fún ẹnì kan tán ní mọ́ṣáláṣí, orí ẹṣin ló ń gùn lọ sílé Lèmọ́mù láti lọ gba àdúà. Ilé Bùkárì ló ń fa ìjánu ẹṣin náà. Bàbá rẹ̀ fà á. Bàbá bàbá rẹ̀ fà á.

Ẹṣin ọ̀hún kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bó bá dúró, wọ́n á ní ó kọ ẹni tó gùn ún, pé ọwọ́ onítọ̀hún kò mọ́. Kò sí nínú ìwé kankan. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ti wàásù lòdì sí i lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Àlhájì Ọládiípọ̀ ló ń bọ̀ láti Èkó wá gba láwàní Bàbá Àdínì. Òun àti Bùkárì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní iléèwé ni. Ó ti pe Bùkárì láti oṣù kan ṣáájú.

"Bùkárì, ìwọ lo máa fa ẹṣin mi o."

"Ta ni ì bá tún fà á?"

"Mo kàn ń sọ fún ọ ni. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bùkárì ń fa Àwẹ̀ró bọ̀ láti odò. Àwọn kan ti gbẹ́ kòtò páìpù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti èṣí, wọn kò sì ri páìpù kankan síbẹ̀. Koríko ti bò ó. Ẹsẹ̀ òsì iwájú Àwẹ̀ró wọ inú rẹ̀ ṣòòrò. Ó fà á yọ, ó gbọn ara, ó sì ń bá ọ̀nà lọ.

Bùkárì bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kulthum pè é láti abẹ́ igi kaṣú tí wọ́n ń so ẹṣin náà mọ́.

"Bàbá mi, ẹ wá wo Àwẹ̀ró. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹṣin kì í sinmi ẹsẹ̀ ni?"

"Ti ẹ̀yìn ló máa ń sinmi. Mi ò rí i kó sinmi ti iwájú rí."

Òótọ́ ni ọmọbìnrin yìí sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò sin ẹṣin rí. Bí ẹ bá rí ẹṣin tó dúró, tó ká ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan díẹ̀, ẹ má fòyà, ìsinmi ló ń ṣe. Àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara rẹ̀. Bó bá ń yọ ọ̀kan síwájú tí kò fẹ́ fi ara tì í, ohun kan ń dùn ún níbẹ̀.

Kí ni ẹ ó wá ṣe? Ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ má kan èyí tí ẹ ń fura sí nìkan. Èyí tí nǹkan kan kò ṣe ni yóò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá nǹkan ti ṣe èkejì.

Bí Kulthum ṣe ṣe é gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tutù bí ìdí àmù. Ẹ̀yìn ojúgun òsì ń gbóná wọ́ọ́wọ́, ó sì wú díẹ̀, bí ẹni pé okùn kan wà lábẹ́ awọ.

Wọ́n pe Bàbá Ndako lórí fóònù. Arúgbó náà ní kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ tó le, kí òun gbọ́.

"Kẹ́ ẹ gbọ́ kí ni, Bàbá?" Bùkárì bi í.

"Kí n gbọ́ pátákò. Ìwọ ṣáà fà á."

Kulthum na fóònù sílẹ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn lórí kọnkéré iwájú ilé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀.

"Ó tó," ni Bàbá Ndako wí. "Mẹ́ta le, ìkan rọ̀. Kulthum, bó bá tẹ òsì, orí rẹ̀ ń kọ́?"

"Ó ń gbé e sókè, Bàbá. Bó bá tẹ ọ̀tún, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀."

"Wallahi, iṣan ni. Ẹ má gbé ohunkóhun lé e lẹ́yìn. Omi tútù sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí yìí."

"Bàbá, ṣé kò ní le kó tó di Sátidé?"

"Sátidé wo? Mo ń sọ oṣù, ìwọ ń sọ Sátidé."

Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ yín, lókè gìgísẹ̀. Ẹ ó kan iṣan kan tó le bí okùn. Irú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ojúgun ẹṣin, òun ló sì ń gbé e dúró. Bí fọ́nrán bíi mélòó kan bá já nínú rẹ̀, ìsinmi lè jẹ́ kó so padà. Bí ẹ bá di ẹrù lé e, ìyókù náà ń bọ̀ wá já nìyẹn. Bùkárì mọ èyí. Ó ní kí n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: òun mọ̀.

Kulthum ní láti lọ sí Ìgbàjà ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tó pọ̀ níwájú, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ran òun lọ́wọ́ fún ọjọ́ méjì. Ó gun ọ̀kadà tòun ti báàgì, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Ìlérí kí ni?"

"Pé ẹ máa pe Àlhájì, kí wọ́n mú ẹṣin Qowiyyu wá láti Òmùpò."

"N ó pè é."

"Ẹ máa pe dókítà náà."

"Mo ti gbọ́, Kulthum. Àwẹ̀ró ò ní kúrò lábẹ́ igi yìí. Máa lọ."

Ó lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí bàbá rẹ̀ kò parọ́ fún un rí.

Bùkárì pe Àlhájì lóòótọ́. Bí ìyẹn ṣe gbé fóònù, ohùn ayọ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

"Ọ̀rẹ́ mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún àwọn ará ibí pé wọn ò tíì rí nǹkan. Mo ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí wọ́n bá rí Bùkárì pẹ̀lú ìjánu lọ́wọ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí," ni Bùkárì dáhùn. "Mo kàn ní kí n kí ọ ni."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun rò pé òun ó tún pè é padà nírọ̀lẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Qowiyyu gun ọ̀kadà dé láti Òmùpò, ó wá wo ibi tí wọ́n ń pa àgọ́ sí. Akọ ẹṣin dúdú kan ni Qowiyyu ní. Kò tíì pé ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó bá Bùkárì pẹ̀lú àwọn àgbà kan níwájú mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ̀gbọ́n Bùkárì, mo rí ìyàwó yín lábẹ́ kaṣú. Ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń retí ẹni tó máa wọ́ ọ fún un. Ṣé kò sí?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín.

"Ó ń gba atẹ́gùn ni," Bùkárì wí.

"Ẹ jẹ́ kó gbà á! Ẹṣin tèmi ti jẹun, ó ti wẹ̀, kò sì sí nǹkan oṣù tó ń ṣe é." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún mi ní ìjánu yìí lẹ́ẹ̀kan péré, Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́ẹ̀kan péré! Bẹ́ ẹ bá fi máa rí i, wọn ò ní rántí ẹni tó ń fà á tẹ́lẹ̀ mọ́."

Àwàdà ni. Bùkárì mọ̀ pé àwàdà ni. Àmọ́ ó rò ó dé ilé, ó rò ó sùn, ó sì jí bá a nínú. Kò pe Àlhájì padà. Kò pe dókítà.

Ó ń da omi tútù sí ẹsẹ̀ náà ṣá, bí Bàbá Ndako ṣe ní kó ṣe. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Àwẹ̀ró ti ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀. Bùkárì sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń yọ ọ́ lẹ́nu: ojúgun funfun yẹn ṣì wú, ẹni tó bá sì lójú yóò rí i.

Ó ránṣẹ́ sí Jannat.

Jannat ló ń kun làálì fún àwọn ìyàwó ní gbogbo agbègbè náà. Wọ́n máa ń kun ún sẹ́sẹ̀ ẹṣin náà bí ayẹyẹ bá wà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lókè pátákò, bí ẹ̀gbà ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé kí ló dé tí ẹṣin yín fi kun làálì. Ìdí tí ọ̀nà náà fi rọ Bùkárì lọ́rùn nìyẹn.

"Má yà á ní ìlà," ó sọ fún Jannat. "Kun ún dúdú. Láti pátákò títí dé orúnkún, méjèèjì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ funfun dáadáa báyìí! Kí lẹ fẹ́ bò ó sí?"

"Láwàní Àlhájì la fẹ́ bá mu."

Jannat po làálì, ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó dé ojúgun òsì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ń gbóná o."

"Oòrùn ni."

"Oòrùn ò dé abẹ́ igi yìí láti àárọ̀."

Jannat wojú rẹ̀.

"Ìyàwó ni mo máa ń kun làálì fún. Mi ò kun ún fún aláìsàn rí."

"Ṣé làálì kì í tu ara ni?" Bùkárì bi í. "Kùn ún, jàre. Yóò tù ú."

Jannat kùn ún tán. Ẹsẹ̀ méjèèjì ṣú bákan náà, ó dúdú, ó ń dán, kò sì sẹ́ni tó lè mọ èwo ló wú nínú wọn.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá Ndako pè.

"Bùkárì, ẹsẹ̀ ń kọ́?"

"Ó ti lọ sílẹ̀, Bàbá."

"Kò gbóná mọ́?"

"Kò gbóná."

"Dókítà wá?"

"Ó wá."

"Kí ló wí?"

"Ó ní... ó ní kó máa sinmi."

"Ó dáa," ló wí. "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wé láwàní fún Ọládiípọ̀ ní agogo mọ́kànlá. Ó gun Àwẹ̀ró nínú agbádá funfun. Àwọn obìnrin dá wákà, àwọn ọmọ Èkó ń fi fóònù ya fídíò, Bùkárì sì di ìjánu mú gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dì í mú. Qowiyyu náà wà láàárín èrò. Ó juwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo júbà!"

Ìṣẹ́jú yẹn dùn mọ́ Bùkárì. Ó ní kí n má fi ìyẹn pamọ́.

Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ariwo yẹn, pátákò nìkan ló ń gbọ́. Mẹ́ta le, ìkan rọ̀. Mẹ́ta le, ìkan rọ̀.

Orí Àwẹ̀ró ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

"Ẹ wo ẹṣin tó ń jó!" obìnrin kan kígbe, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. "Ó mọ ẹni tó gbé! Ẹ wò ó bó ṣe ń mi orí!"

Bùkárì fẹnu sún mọ́ etí ẹṣin náà. "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi," ó wí. "Ó kù díẹ̀."

Ilé Lèmọ́mù wà lókè, èèyàn sì ní láti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kó tó débẹ̀. Àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, níbi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ni Àwẹ̀ró dúró sí.

Orin wákà dáwọ́ dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn bi ẹni tó wà níwájú pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Bùkárì," Ọládiípọ̀ rọra pè é láti òkè, "kí ló dé?"

"Kò sí. Ó máa lọ."

Ó fa ìjánu. Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ òsì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọrùn ẹsẹ̀ náà sì rọ̀ wá sísàlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹṣin náà mí sí Bùkárì lójú, èémí gígùn kan. Kò tún gbẹ́sẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lákọ̀ọ́kọ́.

"Ẹṣin kọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ́n! Owó Èkó, ta ló mọ ọ̀nà tó gbà wọlé?"

"Ẹ rọra, àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbí."

"Kí wọ́n wà níbí! Ṣé èmi ni mo dá ẹṣin dúró?"

Ọládiípọ̀ gbọ́. Gbogbo wọn gbọ́. Bùkárì wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ: "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, mo sì mọ̀." Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ Qowiyyu ń wò ó, àwọn àgbà ń wò ó, fóònù bí ogún ló dojú kọ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kò sọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìjánu lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa pe ọ̀rẹ́ òun ní olè.

Ohùn ọ̀kadà ló la àárín èrò. Kulthum ti dé láti Ìgbàjà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó wo làálì náà, ó sì gbójú sókè wo bàbá rẹ̀ fún ìgbà tó pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí Ọládiípọ̀.

"Àlhájì, ẹ dákun, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹni tó gba láwàní kì í sọ̀ lójú ọ̀nà!" ẹnì kan wí.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Àlhájì. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí. Ẹ wá kan òsì."

Ọládiípọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ká agbádá, ó bẹ̀rẹ̀, ó kan ọ̀tún. Ó kan òsì. Ó yára fa ọwọ́ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò lórí iná, làálì tí òógùn ti rẹ̀ sì wà ní ìka rẹ̀.

"Láti Ọjọ́rú ló ti ń gbóná," Kulthum wí. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹṣin yìí ò kọ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ń dùn ún ni. A jọ mọ̀ ọ́n, èmi àti bàbá mi."

Ọládiípọ̀ dìde.

"O mọ̀, Bùkárì?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì gbé mi lé e?"

"Mo rò pé yóò lè dé ibẹ̀."

"Nígbà tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ yẹn ń kọ́?"

Bùkárì wo ìjánu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń wá èsì ìbéèrè yẹn.

Ọládiípọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀. "Mo ṣáà ti sọ fún ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rárá, "pé bí kì í bá ṣe ìwọ, ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn." Ó fẹsẹ̀ rin ogún ìṣísẹ̀ tó kù náà dé iwájú Lèmọ́mù.

Qowiyyu ló wá bá wọn tú gàárì. Bùkárì ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀sín, àmọ́ ohun tó sọ kò ju, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé apá kejì," lọ.

Dókítà ẹran, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ojúọlá, dé láti Òmù-Àrán kí oòrùn tó wọ̀. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò pẹ̀lú sùúrù, ó fi òwú àti aṣọ dì í le.

"Iṣan ti ya ju ìdajì lọ," ló wí. "Kò ní kú. Yóò máa rìn, bí ẹ bá mú sùúrù ọdún kan. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún mọ́ láéláé. Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i?"

"Ọjọ́rú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Ndako fúnra rẹ̀ wọkọ̀ wá láti Ṣàárẹ́. Bùkárì rò pé yóò pariwo. Arúgbó náà jókòó ti Àwẹ̀ró, ó ń fọwọ́ ra á lọ́rùn.

"Ohùn rẹ ń tiro lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn," ó wí nígbà tó yá. "Mo gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀."

Ìyẹn dun Bùkárì ju ariwo lọ.

Kulthum kò fi ilé sílẹ̀, kò sì bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kàn gba okùn Àwẹ̀ró lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Òun nìkan ló ń fà á rìn láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, bí dókítà ṣe là á sílẹ̀. Bùkárì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú korobá omi.

Làálì náà kò ṣeé fọ̀. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Irun funfun náà pupa rúsúrúsú fún oṣù mélòó kan, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá lọ á bi í pé, "Bàbá Kulthum, ayẹyẹ wo lẹ tún ń ṣe?" Bùkárì á gbé korobá kalẹ̀, á sì sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ti dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ láti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Àmọ́ àwọn tó wá láti Èkó àti Ìlọrin ti padà lọ, pẹ̀lú fídíò ẹṣin tó dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọn kò ya ibi tí Kulthum ti sọ̀rọ̀. Oṣù kẹjọ rèé, àwọn kan ṣì ń sọ níbi tí Ọládiípọ̀ ti ń kírun pé ẹṣin kọ̀ ọ́. Ọládiípọ̀ ń gbé fóònù bí Bùkárì bá pè é. Wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn, ó tán.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá rí fídíò ọ̀hún, Bùkárì ní kí n sọ fún yín pé ẹṣin kò kọ ọ̀rẹ́ òun. Ọwọ́ Ọládiípọ̀ mọ́. Òun Bùkárì ló kun làálì bo ìrora.

Irun funfun ti ń hù padà báyìí. Àmì làálì kù sára pátákò, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí pátákò ṣe ń dàgbà. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Kulthum máa ń fi ìka wọn èyí tó kù.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ti ìrìn àárọ̀ dé, Bàbá Ndako pè. Fóònù wà lápò Bùkárì. Ó gbé e sétí.

"Bùkárì, ẹsẹ̀ ń kọ́?"

Kulthum dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Bùkárì bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀tún, ó kan òsì. Ó rẹ̀ ẹ́, ì bá sì wù ú kó ní ìròyìn ayọ̀ kan láti sọ.

"Ó ṣì ń gbóná lẹ́yìn ìrìn, Bàbá," ó wí. "Kò dáa tó bí a ṣe rò. Ìkan ṣì rọ̀."

"Ó dáa," ni arúgbó náà dáhùn. "Ẹ dín ìrìn kù."

Nígbà tí Bùkárì dìde tó ki fóònù bọ àpò, Kulthum ti gbé korobá rẹ̀ nílẹ̀. Ó na okùn sí i.

"Bàbá mi, ẹ bá mi fà á lọ sábẹ́ igi," ó wí. "Ẹ rọra o."